Ẹ̀jẹ̀ Ilé Ládòkun

Omi tí wọ́n bù fún Rùkáyàt kò tíì kan ètè rẹ̀ tí Ràmọ́nì, àbúrò bàbá rẹ̀, fi já ife náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì da omi inú rẹ̀ nù lójú gbogbo agbo ilé. Ilẹ̀ gbígbẹ Kòmú fa omi náà mu lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ fún un lómi?" Ràmọ́nì bi àwọn obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Àlejò ni, àbí ọmọ ilé? Bó bá jẹ́ àlejò, kó sọ ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé, kó sọ ibi tó wà láti ọjọ́ yìí."

Rùkáyàt ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tó fi kí i. Ràmọ́nì kò dá a lóhùn, kò sì ní kó dìde. Ní ilé ìwòsàn ńlá tí Rùkáyàt ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, dókítà àgbà ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a sì máa dákẹ́ bó bá ti wọlé. Ṣùgbọ́n ní ilé Ládòkun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ Àdìjátù lásán ni, ọmọ obìnrin tí wọ́n ní ó pa ọkọ rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "àìsàn kan wà nínú ilé yìí. Òun ni mo bá wá. Òun ló pa bàbá mi, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbà, láti ara òbí dé ara ọmọ. Mo fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára gbogbo ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ládòkun, lọ́mọdé lágbà, kí n lè mọ àwọn tó ní in kó tó dá wọn dùbúlẹ̀."

Ràmọ́nì yíjú sí àwọn tó yí wọn ká, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

"Ẹ gbọ́ o! Ìyá gba ẹ̀mí, ó lọ. Ọmọ wá dé, ó ní ẹ̀jẹ̀ lòun fẹ́ gbà."

Rùkáyàt dìde láìjẹ́ pé wọ́n ní kó dìde. "Ìyá mi kò pa ẹnikẹ́ni."

"Nínú ilé tèmi lo ti ń gbó mi lẹ́nu? A ní àwọn ọmọbìnrin tí a fẹ́ fà fọ́kọ níbí. O fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ láti Òtù dé Òfìkì pé ẹ̀jẹ̀ ilé Ládòkun ti bàjẹ́? Ìwọ kò tíì lọ́kọ, o fẹ́ kí gbogbo ilé dà bíi tìrẹ. Jáde kí n tó gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n mi ló bí ọ."

Bí Rùkáyàt ṣe ń yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, àwọn ọ̀dọ́ ilé ń lu òrùlé ọkọ̀ náà gbàgbàgbà. Ẹnìkan sọ òkò, dígí ẹ̀yìn là. Ó rí ojú wọn nínú dígí tó fi ń wẹ̀yìn: ojú bàbá rẹ̀ ló wà lára gbogbo wọn, àgbọ̀n gígùn kan náà, iwájú orí kan náà.

Ọmọdé ni Rùkáyàt nígbà tí wọ́n lé òun àti ìyá rẹ̀ jáde nínú ilé yẹn. Wàsíù, bàbá rẹ̀, ni àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé ọjà Kòmú lọ́dọọdún. Inú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Bó bá ti jẹun tán, a mú ikùn dání, a ní iná ń jó òun. Lẹ́yìn náà, bó bá fẹ́ tọ̀, a máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fi abẹ ya. Lọ́jọ́ kan lóko, ó gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ebè, ebè lásán tí ọmọdé lè fò, egungun itan rẹ̀ sì dún pàá bí igi gbígbẹ. Orí ẹní ló ti bi ẹ̀jẹ̀ dúdú, tó sì dákẹ́. Nígbà tí àwọn ará ilé jókòó, ohun tí wọ́n rò kò ju ẹyọ kan lọ: oúnjẹ ta ló ń jẹ tí inú fi ń jó o? Wọn kò jẹ́ kí Àdìjátù parí opó. Ràmọ́nì ló ju ẹrù rẹ̀ síta.

Kì í ṣe tìtorí bàbá rẹ̀ ni Rùkáyàt ṣe yan iṣẹ́ tó yàn, ó kéré tán, ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣèwádìí lórí àwọn kókó kéékèèké mẹ́rin kan tó sá pamọ́ sẹ́yìn gògóńgò èèyàn. Wọn kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ èròjà tó ń mú egungun le, kó má pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kó má sì dín jù. Bí wọ́n bá ṣìwà hù, wọn a máa fa èròjà náà yọ lára egungun, wọn a máa dà á sínú ẹ̀jẹ̀. Egungun a rọ bí ẹfun, kíndìnrín a kún fún òkúta. Nínú àwọn ìdílé kan tí kò wọ́pọ̀, wàhálà náà kì í dá wá. Kókó mìíràn a tún hù nínú àmọ́, ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ. Òmíràn nínú àwọn kókó bẹ́ẹ̀ a máa mú kí omi kíkan pọ̀ nínú ikùn títí ikùn yóò fi lu. Òmíràn a máa lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Rùkáyàt mọ gbogbo èyí, ó ti kọ ọ́, ó ti dúró níwájú àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè sọ ọ́. Síbẹ̀ kò so ó mọ́ ilé wọn, àfi lọ́jọ́ tí obìnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn pẹ̀lú òkúta nínú kíndìnrín. Ó bi obìnrin náà léèrè bóyá ẹlòmíràn nínú ẹbí rẹ̀ ti ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Kòmú, Wàsíù ọmọ Ládòkun. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ní ó pa á." Ramlah ni, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ti relé ọkọ kí wọ́n tó bí Rùkáyàt. Rùkáyàt jáde síta, ó di ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú.

Ilé Ramlah yìí náà ni Rùkáyàt wakọ̀ lọ láti Kòmú pẹ̀lú dígí tó là. Ramlah ń ta ọkà bàbà àti ẹ̀wà ní Ìsẹ́yìn, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

"Mo sọ fún ọ kí o má lọ báyẹn," Ramlah ní. "O lọ bá wọn bí ọlọ́pàá. Rùká, àrùn lò ń wá ni, àbí ẹ̀bi?"

"Méjèèjì."

"Ẹni tó ń lé eku méjì yóò pòfo. Ràmọ́nì kò ní gbà láéláé pé òun lé aláìṣẹ̀ jáde, bó bá tilẹ̀ máa tìtorí ẹ̀ sin gbogbo ilé tán. Ìwọ náà kò sì sàn ju òun lọ. Orí kunkun kan náà ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Rùkáyàt. Lẹ́yìn tí Ramlah ti gbé oúnjẹ fún un ni ọ̀rọ̀ kan Samsudeen, àkọ́bí Ràmọ́nì.

"Òun ni wàhálà tó wà nílẹ̀ báyìí," Ramlah ní. "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni o. Ṣùgbọ́n bí ààwẹ̀ bá ti dé, tí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, orí rẹ̀ a dàrú. Ààwẹ̀ èṣí, ó gbá Lèmọ́mù létí ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn àna rẹ̀ ní Òfìkì ti dá ìyàwó dúró. Wọ́n ní àlùjọ̀nnú ni."

Rùkáyàt gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bó bá wá ṣínu ńkọ́?"

"Bó bá ṣínu, ara rẹ̀ a balẹ̀. Kì í rántí ohun tó ṣe. A wá máa jẹun láti ìrọ̀lẹ́ títí di sààrì, ó ti sanra bíi kí ni."

"Àǹtí, kì í ṣe àlùjọ̀nnú." Ó dìde dúró. "Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó má jẹ́ kó gbààwẹ̀ ọdún yìí. Ẹ jọ̀ọ́."

Ramlah fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Èsì tí Ràmọ́nì fi ránṣẹ́ padà ni pé ẹni tó fẹ́ sọ ọmọ òun di kèfèrí, Ọlọ́run yóò dá a lẹ́jọ́.

Ààwẹ̀ wọlé nínú oṣù tí ooru Òkè-Ògùn máa ń mú jù, tí koríko ti jó tán tí òjò kò sì tíì rọ̀. Rùkáyàt gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wá sí Ìsẹ́yìn, ó ń bá àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké agbègbè náà sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláìsàn tí egungun wọn ń ṣẹ́ láìnídìí. Ní Òtù ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Ramlah fi pè é lórí fóònù. Ìyá Samsu ló bá Ramlah sọ̀rọ̀, ẹkún kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Wọ́n ti so ọmọ náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń nà án.

Rùkáyàt kò mọ bó ṣe wa ọkọ̀ dé Kòmú. Ẹ̀yìnkùlé ló ti gbọ́ ariwo. Igi máńgòrò ni wọ́n dè é mọ́, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí òógùn bò bí ẹni tí òjò pa, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ó ń bú bàbá rẹ̀ ní olè, ó ń bú àwọn òkú ilé. Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ ló mú pàṣán dání. Ó ń na ọmọ rẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń nà án.

"Jáde lára rẹ̀!" ló ń pariwo. "Mo ní kí o jáde!"

"Ẹ dáwọ́ dúró!" Rùkáyàt la àárín èrò kọjá, ó ṣubú, ó dìde, ó di ìka Samsudeen mú, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Nọ́ńbà tó jáde kéré débi pé ó rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ó tún un wọ̀n, kò yí padà.

"Ṣúgà ti tán lára rẹ̀," ó ní. "Ebi ló ń pa ọpọlọ rẹ̀. Bí a kò bá fún un ní nǹkan dídùn báyìí, yóò kú sọ́wọ́ yín. Ẹ gbé ṣúgà wá! Oyin! Ohunkóhun!"

Kò sẹ́ni tó mira. Ó sáré lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó mú ìgò mínírà kan wá. Ràmọ́nì dí ọ̀nà mọ́ ọn.

"Ọjọ́ ààwẹ̀ ni! Ohun tí ìyá rẹ fún ẹ̀gbọ́n mi lo fẹ́ fún ọmọ mi?"

Ètè Rùkáyàt ti bó fún òùngbẹ, gbogbo wọn rí i pé òun náà ń gbààwẹ̀. Ó ṣí ìgò náà, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún gbùdù gbùdù lójú wọn lábẹ́ oòrùn ọ̀sán.

"Mo ti ba ààwẹ̀ tèmi jẹ́," ó ní. "Bó bá jẹ́ májèlé, ẹ jẹ́ ká jọ kú. Ọlọ́run tí ẹ ń gbààwẹ̀ fún kò ní kí aláìsàn gbà á."

Ìyá Samsu ló já ìgò náà gbà. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ti orí ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ń da mínírà náà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ pé, "Gbé e mì, Samsu. Gbé e mì, bàbá mi." Ìdajì dà sí i láyà. Nígbà tó yá, èébú dáwọ́ dúró. Nígbà tó tún yá, Samsudeen la ojú, ó wo okùn tó wà lára rẹ̀, ó wo ìlà tí pàṣán fà sí i lára.

"Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ dè mí?"

"Súbúhánàllàhi!" ni àwọn èèyàn ń wí. Rùkáyàt gbójú sókè. Láti kékeré ló ti ń retí ọjọ́ tí gbogbo agbo ilé yóò dúró yí i ká tí òtítọ́ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ràmọ́nì rọra yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti balẹ̀. "Ẹni tó ta kókó ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Òun ló dè é, òun ló sì tú u."

Wọ́n ń mi orí. Àgbàlagbà kan ní lóòótọ́ ni. Inú Rùkáyàt ru débi pé gbogbo ohun tó ti kọ́ nípa bí a ṣe ń bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ fò lọ.

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí nígbà tí bàbá mi ń kú!" ó pariwo. "Ó ń bi ẹ̀jẹ̀, ẹ jókòó, ẹ ń wá àjẹ́. Ilé ìwòsàn wà ní Ìsẹ́yìn, ẹ kò gbé e lọ. Ẹ̀yin lẹ pa á! Ẹ̀yin, Ràmọ́nì!"

Orúkọ tó pè láìfi Bàbá ṣáájú yẹn ló tú ilé ká. Pàṣán náà gbéra, ó sì ba Rùkáyàt léjìká, ó ya aṣọ rẹ̀. Rùkáyàt kò fọwọ́ kan ojú egbò náà. Òun àti Ràmọ́nì ń wo ara wọn, kò sí èyí tó kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Ìyá Samsu ti ń tú okùn. "Èmi àti ọmọ mi ń bá a lọ sí Ìbàdàn," ó ní.

"Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kan jáde," Ràmọ́nì ní, "má fi èkejì wọ ilé yìí mọ́."

"Mo ti gbọ́." Obìnrin náà kò tilẹ̀ wọlé mú gèlè.

Ní Ìbàdàn, àwòrán fi kókó náà hàn nínú àmọ́ Samsudeen, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì fi hàn pé àwọn kókó ẹ̀yìn gògóńgò náà ti ń ṣìwà hù. Rùkáyàt jókòó ti ibùsùn rẹ̀, ó ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa ṣe. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìwádìí rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe lè ran àwọn ìdílé mìíràn lọ́wọ́. Samsudeen jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ wò mí sàn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi mí ṣe ìwé. Ẹ bú bàbá mi níwájú mi. Wọn ò tíì tú okùn lára mi tí ẹ ti ń bú u. Mo gbọ́ ọ."

"Ó ń nà ọ́ ni o!"

"Bàbá mi ni. Ẹ̀jẹ̀ mi kò sí fún títà."

Rùkáyàt bínú débi pé ó fi yàrá náà sílẹ̀. Kò sí ẹbí mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ yìí, bó ti mọ̀ ọ́n, tí àwọn tó lè ní àìsàn yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan. Ọdún mélòó ló ti ń wá wọn! Ó ṣe é bíi kó gba ẹ̀jẹ̀ náà pa mọ́ láìsọ fún un, inú ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n sáà wà. Ó rìn yí ọgbà ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú èrò yẹn. Nígbà tó padà, ó sọ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n má fi ohunkóhun tó jẹ́ ti Samsudeen kún ìwádìí náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ kókó náà. Lẹ́yìn tí egbò jinná, Samsudeen sun oorun òru kan láìjí jẹun, ìyá rẹ̀ sì sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó wá ku Àdìjátù. Rùkáyàt lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìròyìn ayọ̀: àìsàn ló pa bàbá, àyẹ̀wò ti fi hàn, kò sí ẹni tó tún lè fi ẹnu kàn yín mọ́.

Ìyá arúgbó náà ń ṣa èèpo kúrò nínú ẹ̀gúsí, kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀rọ ló wá sọ fún ọ pé n kò pa ọkọ mi?"

"Màámi, kì í ṣe pé..."

"O gbéra láti Ìbàdàn dé Kòmú, o lọ jẹ pàṣán, kí Ràmọ́nì lè mọ ohun tí èmi mọ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Ta ló rán ọ? Èmi kò rán ọ." Ó ju èèpo sílẹ̀. "Wàsíù ni bàbá rẹ. Bó bá jẹ́ pé nínú ẹ̀jẹ̀ ló wà bí o ṣe wí, tìrẹ ńkọ́? O ti wò ó?"

Rùkáyàt wo ìka ara rẹ̀. Ó ti gún ìka àìmọye èèyàn, kò tíì gún tirẹ̀ rí fún èyí. Àdìjátù kígbe mọ́ ọn pé kó dìde kó lọ ṣe é, pé òun kò ní sin ẹni méjì nítorí àìsàn kan náà. Ọjọ́ kejì ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nílé ìwòsàn gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èsì jáde: ó ní in. Àwọn kókó ẹ̀yìn gògóńgò tirẹ̀ ti ń fa èròjà yọ lára egungun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n yan ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un.

Nígbà tí òjò rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ sì ti gbin iṣu tán, Ramlah ránṣẹ́ pè é. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ilé Ládòkun ti ń yọ́ wá sí Ìsẹ́yìn wá bi òun léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí. Àwọn náà rí Samsudeen tó ń gbé ọ̀dọ̀ òun pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tó ti fọn, tó sì ń ṣiṣẹ́ oko tí orí rẹ̀ kò dàrú. Rùkáyàt gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá Ramlah. Ó sọ fún wọn pé ìtọ́jú ni òun kọ́kọ́ bá wá, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣe ìwádìí, kó wí, kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó là á fún wọn pé òun náà ní in.

Kò tíì gba ti ẹni kìíní tí Ràmọ́nì fi wọ àgbàlá. Ta ló sọ fún un, wọn ò mọ̀. Ó ti rù, igi ló fi ń rìn, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Rùkáyàt fi bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ mọ̀ pé àìsàn náà wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

Ràmọ́nì ré e kọjá bí ẹni tó ré kùkùté kọjá. Ó na igi rẹ̀ sí àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n lórúkọ, ó ní ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ Ládòkun lónìí, kó má pe òun ní bàbá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wò ó. Samsudeen pè é, "Bàbá, ẹ jókòó," ohùn rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ràmọ́nì kẹ̀yìn sí i.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde, wọ́n tẹ orí mọ́lẹ̀, wọ́n jáde. Ó ku Jùmọ̀kẹ́, ọmọ àbúrò Ràmọ́nì, tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún láti ìgbà tó ti bímọ. Ó káwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé èjìká.

"Ẹ gbà á," ó ní.

Ràmọ́nì tutọ́ sílẹ̀. Ó dúró wo ọwọ́ Rùkáyàt bó ṣe ń fi rọ́bà de apá ọmọ náà, bó ṣe ń fi ìka wá iṣan. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó ń fẹsẹ̀ wọ́ lọ sójú títì, ó sì ń ṣépè fún gbogbo wọn bó ṣe ń lọ.